Robot ìjà mi sanra ju òṣùwọ̀n lọ, bóòtù ẹ̀ sì ń gé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù, ẹ gbà mí

Tanpẹ́pẹ́_Mayfair

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ifẹ̀ ni mo wà, ní Mayfair níbí, robot ìjà àkọ́kọ́ tí mo máa fọwọ́ ara mi ṣe rèé, orí mi sì ti fẹ́ gbóná. Ìdíje ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, Ìbàdàn la ń lọ. Òfin wọn ò le púpọ̀: robot ò gbọdọ̀ ju 1.5 kg lọ, ìjà kan jẹ́ iṣẹ́jú 3, tí robot ẹ bá dákú tí kò lè rìn mọ́ wọ́n á kà á dé 10, ó tán nìyẹn. Tèmi ń jẹ́ Tanpẹ́pẹ́. Ó kéré, àmọ́ tó bá ta ẹ́ wàá mọ̀ pé nǹkan ta ẹ́.

Bó ṣe rí nìyí. Ara ẹ̀, ike funfun tí wọ́n fi ń gé ẹran ní kíṣìnì ni, mo ra méjì lọ́jà mo fi ayùn gé wọn. Motor mẹ́rin tó ń yí taya, inú síkúrúdíráífà oníbátìrì tókunbọ̀ ni mo ti tú wọn. Motor tí mò ń sọ yìí kì í ṣe mọ́tò tí à ń wọ̀ lọ Lagere o, kẹ́nì kankan má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tó ń yí irin ìjà wá láti ara dúróònù kan tó já bọ́ sórí òrùlé ẹni ẹlẹ́ni, wọ́n kọ 1000KV sí i lára (ìyẹn ni pé fóòtì iná kan á yí i lẹ́ẹ̀ 1000 ní ìṣẹ́jú kan), bátìrì 3S (ojú ilé mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀) tó jẹ́ 1300 mAh (iye iná tó lè gbà) ni mo sì fi ń gbé e. Irin ìjà fúnra ẹ̀, ewé sípíríǹgì ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan ni, àwọn mẹkáníìkì ti pa bọ́ọ̀sì yẹn tì débi pé koríko ti hù nínú ẹ̀. Wẹ́dà bá mi fi fáìlín máṣíìnì gé e rìbìtì, ó fẹ̀ tó 10 cm, ó ní eyín méjì, ó dúró lóòró bíi taya kẹ̀kẹ́, ó ń gbá nǹkan lọ sókè.

Wàhálà àkọ́kọ́: 1,586 g ni gbogbo ẹ̀. Síkéèlì obìnrin tó ń ṣe kéèkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ni mo yá, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń bẹ síkéèlì yẹn kó purọ́ fún mi, kò purọ́.

Wàhálà kejì ló lé oorun lójú mi. Sátidé tó kọjá mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, mo gbé garawa ike ìyá mi kan tó ti là síwájú ẹ̀, èmi fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀ ilé, mo tẹ rìmóòtù. Ariwo ẹ̀ dà bí ìgbà tí agbọ́n há sínú agbè. Ó kan garawa lẹ́ẹ̀kan, garawa fò. Ó kan án lẹ́ẹ̀kejì, mo gbọ́ "kà!", ohùn yí padà, motor wá ń sáré lásán. Bóòtù M3 (tó nípọn tó 3 mm) mẹ́rin tí mo fi de irin mọ́ motor, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti gé, orí wọn fọ́n ká sílẹ̀ bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìyẹ. Irin ọ̀hún ti lọ kan ògiri búlọ́ọ̀kù, ihò tó wà níbẹ̀ gba ìka mi dé oríkèé àkọ́kọ́, ó tún ta padà, inú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àwọn ará ilé kejì la ti rí i. Nígbà tí mo mú un, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ìyá mi jáde, wọn ò pariwo. Wọ́n wo ògiri, wọ́n wo èmi, wọ́n ní "tó bá jẹ́ orí ẹ ni ńkọ́?" wọ́n wọlé lọ. Látìgbà yẹn mi ò tíì tàn án mọ́.

Torí náà ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti yọ 86 g? Kí ni kí n ṣe sí bóòtù? Bátìrì kan nínú méjì tí mo ní ti yọ ikùn, ṣé mo ṣì lè lò ó? Tí irin bá sì ti ń yí kíkankíkan, tí mo bá ní kí robot yà, taya ẹ̀gbẹ́ kan á gbéra nílẹ̀ bí ajá tó fẹ́ tọ̀, kí ló fà á? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ní kí wẹ́dà kúkú jó irin mọ́ motor, kí n pa ọ̀rọ̀ bóòtù tì, mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín.

Ẹ̀gbọ́n_Léètì

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Kó o tó ṣe ohunkóhun, lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ẹ. Jẹ́ ká ṣírò ohun tó fò lọ yẹn. 3S jẹ́ 11.1 fóòtì, fi 1000 lù ú, 11,100 ìyípo nìyẹn ní ìṣẹ́jú kan tí kò bá tíì gbá nǹkan, ìyẹn 185 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Irin tó bá fẹ̀ tó 10 cm, etí ẹ̀ á máa rìn tó mítà 58 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ó lé ní 200 km ní wákàtí. O wá lọ fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀ ilé. Má tan nǹkan yẹn mọ́ níta gbangba. Wa kòtò tó jìn kọjá orúnkún, gbé robot sísàlẹ̀ ẹ̀, fi pákó tó nípọn bo òkè, kó àpò yanrìn lé pákó lórí, kí gbogbo ọmọdé àdúgbò sì jìnnà kó o tó fọwọ́ kan rìmóòtù. Kó o tó gbé e wọ kòtò àti kó o tó gbé e jáde, kí ọ̀pá irin kan wà tó o máa kì bọ inú irin ìjà yẹn kó má lè yí. Ní Ìbàdàn wọ́n máa bi ẹ́ léèrè ọ̀pá yẹn, má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Bóòtù. Wo orí wọn. Bóòtù gidi sábà máa ń ní nọ́ńbà lórí: 8.8, 10.9, 12.9. Fi 100 lu nọ́ńbà iwájú, agbára tó máa fi já nìyẹn ní megapascal. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn, ìyẹn ń sọ ìdá mélòó nínú 10 agbára yẹn tí bóòtù á kọ́kọ́ fi nà tí kò ní padà sí bó ṣe wà mọ́. Tí wọ́n bá kọ 12.9, 1200 ló máa gbà kó tó já, á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í nà ní nǹkan bíi 1080. Àwọn tó ń dán yanran tí wọ́n ń tà fún àga àti fèrèsé, tí kò ní nǹkankan lórí, àwọn yẹn ò bá ẹ délé o. Bóòtù dúdú tí wọ́n ń fi alẹ́ńkì tú ni kó o wá, M4, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́.

Àmọ́ bóòtù nìkan kọ́ ni ẹjọ́ yẹn. Nínú tìẹ, ibi tí irin àti ara motor ti pàdé, tírẹ́ẹ̀dì (ibi tí wọ́n gé yí bóòtù po) ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni bóòtù ti tín-ín-rín jù, torí náà ibẹ̀ ló ti gé. Lọ bá tọ́nà kan kó bá ẹ fi léètì (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin) ṣe họ́ọ̀bù kékeré kan tó máa wà láàárín irin àti motor, kó lu ihò pín-ìnì (ọ̀pá irin kékeré tí kò ní tírẹ́ẹ̀dì) méjì sí i pẹ̀lú ihò bóòtù mẹ́rin. Bóòtù á kàn máa di wọ́n pọ̀ ni, pín-ìnì lá máa gba ìyà. Kí ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀pá motor náà sì jókòó sínú bérìn, torí bí ò bá sí ohun tó gbá a mú níbẹ̀, tó bá gba ẹ̀ṣẹ́ gidi kan báyìí ọ̀pá á tẹ̀, motor ẹ á di ohun ìṣeré.

Ọ̀rọ̀ wẹ́dà: sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ pé mo kí i, kó má dá mọ̀ràn yẹn fún ẹlòmíì mọ́. Irin sípíríǹgì ní kábọ́ọ̀nù púpọ̀ nínú, nǹkan bí 0.6 nínú 100. Tí wẹ́dà bá jó o, ojú ibi tó jó yẹn á yára tutù, á le bíi gíláàsì, tó bá gba ìkọlù kan péré á sán. Ooru yẹn á tún ba mágínẹ́ẹ̀tì inú motor jẹ́. Ìlọ́po ìyà.

Taya tó ń gbéra: ṣé o ti ta òkòtó rí? Òkòtó tó ń yí kì í fẹ́ kí wọ́n yí ojú òun padà, tó o bá fi ìka tì í, ibòmíì ló máa gbà lọ. Irin ìjà ẹ náà, òkòtó ni. Tó o bá ní kí robot yà lójijì nígbà tí irin ń sáré, irin á janpata, ara robot á wá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbé taya ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jìnnà síra wọn bí àyè bá wà, dín eré irin kù tó o bá fẹ́ yà, kó o sì máa yà pẹ̀lẹ́.

Ohun kan wà tí o ò bèèrè, òun sì ni mo rí pé ó ń dùn ẹ́ jù. Eyín méjì tó o ṣe sí irin yẹn ò dáa. Ká ní robot ẹ ń sáré mítà 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá, irin ń yí lẹ́ẹ̀ 185, eyín méjì, a jẹ́ pé lẹ́ẹ̀ 370 ni eyín ń kọjá. Láàárín eyín kan sí èkejì robot ẹ ò ní tíì sún ju 5.4 mm lọ. Gbogbo ohun tó lè bù jẹ lára ẹni ẹlẹ́ni nìyẹn. Á kàn máa ha ọ̀tá bíi fáìlì. Gé eyín kan kúrò, ó di 10.8 mm, ó ti ń wọ inú ẹran. Kó o wá gé ẹ̀gbẹ́ kejì tàbí kó o lu ihò sí i títí ìwúwo méjèèjì á fi dọ́gba: ki ọ̀pá kan bọ̀ ọ́ láàárín, gbé ọ̀pá náà lé ojú ọ̀bẹ méjì tó dúró gbọọrọ, ibi tó bá wúwo ló máa ń lọ sísàlẹ̀. O máa rí bíi 30 g yọ níbẹ̀, láìní kí ara robot ẹ gba ìyà.

Tó o bá dín ìyípo kù sí 8,000, bíbù jẹ á tún pọ̀ sí i, àmọ́ agbára inú irin á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì, torí tí eré bá di ìlọ́po méjì agbára á di ìlọ́po mẹ́rin, bó sì ṣe ń gòkè náà ló ń sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ lo máa yàn.

Àǹtí_Oníbátìrì

Mo ń tún fóònù àti ínfátà ṣe ní Lagere, ti bátìrì nìkan ni mo máa sọ.

Èyí tó yọ ikùn yẹn, má lò ó, má chájì ẹ̀, má sì gún un. Mo mọ̀ yín ẹ̀yin ọmọkùnrin, ẹ máa ní kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ kàn jáde. Iná ló máa jáde. Gbé e sínú garawa yanrìn níta, kó jìnnà sí ilé, fi gílóòbù mọ́tò kékeré kan fa iná inú ẹ̀ tán díẹ̀díẹ̀, kó o tó gbé e sọnù. Ọmọ kan gbé irú ẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi nínú àpò ṣòkòtò, mo ní kó bọ́ síta kíá, ó rò pé mo ń bínú.

Èyí tó kù: ojú ilé kan nínú ẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá 4.2 fóòtì, kò sì gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju 3.3 lọ, a jẹ́ pé 12.6 ni 3S tó kún. Kí chájà ẹ máa dọ́gba ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í ṣe kó kàn ki iná bọ̀ ọ́. 1300 mAh, 1.3 ámpìà ni kó o fi chájì ẹ̀, má kánjú. Tó o bá mọ̀ pé o ò ní lò ó lọ́sẹ̀ yẹn, fi í sílẹ̀ ní 3.8 ní ilé kọ̀ọ̀kan. Má chájì ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, má chájì ẹ̀ kó o sùn, nígbà tí nẹ́pà bá mú iná lọ tó tún dá a padà pẹ̀lú ìbínú, kí ojú ẹ wà níbẹ̀.

Ti ìwúwo, mo rò pé mo lè ràn ẹ́ lọ́wọ́. Báwo lo ṣe mọ̀ pé 1300 lo nílò? Chájì bátìrì kó kún, wa robot fún iṣẹ́jú 3 gbáko bí ẹni ń jà, irin náà kó máa yí, kó o wá chájì ẹ̀ padà, kó o wo iye mAh tí chájà bá sọ pé òun dá padà. Iye yẹn lo jẹ. Tí kò bá tó 600, ra 850, jíjù ni gbogbo èyí tó kù, ẹrù lo kàn ń rù kiri. Bíi 35 g tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lo máa rí yọ. Gé wáyà ẹ náà kúrú, mo rí àwọn fọ́tò yín, wáyà á gùn títí bíi ìfun ewúrẹ́.

Olófò_Àgbà

Bọ̀bọ́, má bínú sí ìbéèrè mi: ìgbà wo lo wà á gbẹ̀yìn tí kì í ṣe pé ò ń dán irin wò?

Èmi lọ sí ìdíje kan lọ́dún tó kọjá. Mo fi oṣù mẹ́ta ṣe irin ìjà, mo fi òru ọjọ́ kan ṣoṣo ṣe gbogbo nǹkan tó kù. Irin mi dáa, gbogbo èèyàn ló wá wò ó, wọ́n ń ya fọ́tò. Wọ́n ní ká bẹ̀rẹ̀, mo gbá ọmọkùnrin kejì lẹ́ẹ̀kan, ike ara ẹ̀ fò sókè, àwọn èèyàn hó yèè. Lẹ́yìn náà robot mi dúró. Iná wà lára ẹ̀, irin ń yí lọ ràì, kò kàn rìn. Mo ń tẹ rìmóòtù bí ẹni ń fọ aṣọ. Wọ́n ka 10. Nígbà tí mo tú u, wáyà tó lọ sí motor taya ọ̀tún ló yọ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé kébù táì kan, gúlù gbígbóná díẹ̀, kò ní yọ láéláé. Ìṣẹ́jú-àáyá bí 40 ni gbogbo ìjà mi.

Torí náà gbogbo ibi tí wáyà bá ti wọ nǹkan, dè é. Lẹ́yìn náà di robot mú lọ́wọ́, kó o tú irin ìjà yẹn kúrò lára ẹ̀ kọ́kọ́ o, kó o jọ robot náà sílẹ̀ sórí tìmùtìmù láti ìga orúnkún bí ìgbà mẹ́wàá. Ohun tó bá máa tú, jẹ́ kó tú ní Mayfair.

Èkejì: pa rìmóòtù nígbà tí robot wà ní títàn, wò ó bóyá taya àti irin á dúró. Tí kò bá dúró, wọn ò ní jẹ́ kó o wọlé. Wọ́n tún máa wo bó ṣe pẹ́ tó kí irin tó dúró tó o bá pa iná ẹ̀. Nínú òfin tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò jù, kò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 60. Kí ibi tí wọ́n ti ń yọ iná robot jẹ́ ibi tí ọwọ́ lè dé láìkọjá níwájú irin.

Ẹ̀kẹta, kó ike omi tó ti ṣófo bíi mẹ́wàá sílẹ̀, wakọ̀ gba àárín wọn kọjá lójoojúmọ́, wákàtí kan, láìtan irin. Wà á sẹ́yìn. Wà á nígbà tí iwájú ẹ̀ kọjú sí ẹ, torí ìgbà yẹn ni ọ̀tún á di òsì tí ọpọlọ á dàrú. Kó o sì dojú ẹ̀ délẹ̀ wò, ṣé ó ṣì lè rìn?

Òṣómàáló_Ilésà

Gbogbo yín ń ṣe bí ẹni tó ń gbé sátẹ́láìtì lọ sọ́run. Ṣé mo lè sọ̀rọ̀?

Ju irin yẹn sígbó. Wá páànù tó le, tẹ̀ ẹ́ bíi ṣọ́bìrì, kó lẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, fi gbogbo gíráàmù tó kù ra motor taya tó lágbára, kó o máa kó sábẹ́ gbogbo ènìyàn. Ìjẹ̀ṣà ni mí, Òṣómàáló ni wá, ẹni tó bá lóṣòó tì ẹ́ lórí títí ló máa gba owó lọ́wọ́ ẹ. Robot tó bá lóṣòó mọ́lẹ̀, kí ni irin tó ń yí lókè fẹ́ bù jẹ lára ẹ̀?

Ẹ lọ wo ìtàn. Nínú Robot Wars, ìdíje robot ìjà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní 1998, Roadblock ló gbégbá orókè, iwájú ẹ̀ sì tẹ̀ bíi ṣọ́bìrì. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń lo èyí tó wúwo tó 113 kg náà, robot tó ń jẹ́ Bite Force gba ife ìdíje BattleBots ní 2015, 2018 àti 2019. Ní 2015 yẹn, ṣé irin tó ń yí ló gbé wá? Rárá o, ohun tó ń mú èèyàn tó sì ń gbé e sókè ni.

Ẹ̀gbọ́n_Léètì

Òṣómàáló, o ò parí ìtàn ẹ. Ní 2018 àti 2019, irin tó dúró lóòró tó ń yí ni Bite Force náà gbé wá, irú ti àbúrò yìí gan-an. Kí ló dé tí wọ́n fi pààrọ̀?

Òṣómàáló_Ilésà

Ẹ̀gbọ́n ẹ ti mú mi 😂. Ó dáa, mo gbà. Àmọ́ àbúrò, gbọ́ èyí tó wúlò. Bí ẹ bá gé eyín kan kúrò lára irin yẹn, ooru fáìlín máṣíìnì ti rọ̀ ọ́ níbi tó gé kọjá, eyín tó kù á tètè kú. Ó yẹ kí ẹ tún fún un ní iná. Alágbẹ̀dẹ kan wà ní àdúgbò wa ní Ìsọ̀kùn níbí, àdá àti ọkọ́ ni wọ́n ń rọ, ewé sípíríǹgì náà sì ni wọ́n fi ń rọ ọ́. Mú un wá. Ọmọ Ifẹ̀ ni ẹ́, irin ńlá tí wọ́n ń pè ní Ògún Ládìn wà láàfin yín níbẹ̀, ẹ wá ń wá ẹni tó mọ irin kiri. Ẹ wá sí Ilésà o jàre, kò ju nǹkan bíi 30 km lọ.

Ẹ̀gbọ́n_Léètì

Ó dáa, àmọ́ sọ fún bàbá pé epo ni kí wọ́n rì í bọ̀, kì í ṣe omi. Irú irin yẹn tó bá bọ́ sómi lójijì lè sán. Kó o sì mú mágínẹ́ẹ̀tì sípíkà àtijọ́ kan dání, so ó mọ́ wáyà. Nígbà tí irin bá gbóná dé ibi tí mágínẹ́ẹ̀tì ò fà á mọ́, ó ku díẹ̀ kó tó. Lẹ́yìn tí wọ́n bá rì í bọ epo á le jù, wọ́n gbọ́dọ̀ tún yá a níná pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó lè lágbára láìsán. Àdá fẹ́ mú, tìẹ fẹ́ gba ìkọlù, jẹ́ kó rọ̀ ju àdá lọ.

Tanpẹ́pẹ́_Mayfair

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, àǹtí, ẹ ṣeun gan-an ni, ọjọ́ mọ́kànlá rèé tí mo ti kọ nǹkan gbẹ̀yìn, mo ní kí n má wá pẹ̀lú ẹnu lásán.

Mo lọ Ilésà. Bọ̀dá Òṣómàáló mú mi débẹ̀, wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì wọ́n ń rẹ́rìn-ín mi látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bàbá ò lo ẹwìrì mọ́, fáànù kékeré kan ló ń fẹ́ iná èédú, àmọ́ ẹ̀mú tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní ti bàbá tó bí àwọn ni. Wọ́n yẹ irin wò, wọ́n bi mí bóyá kì í ṣe nǹkan tí a fẹ́ fi ṣe èèyàn léṣe. Mo ní rárá, robot kékeré méjì ló fẹ́ jà. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní "ta ló wá ń gbọ́ ìrora?" mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Bọ̀dá Òṣómàáló ní "ìyá ẹ̀ ni."

Mo yọ mágínẹ́ẹ̀tì. Bàbá ní kí lèyí, mo ṣàlàyé, wọ́n ní kí n jókòó, àwọn á sọ fún mi nígbà tó bá tó. Nígbà tí irin di pupa bíi epo pupa tuntun wọ́n ní "ó kù díẹ̀", mo fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án, ó ṣì fà á. Nígbà tó yá wọ́n ní "ó ti kọjá báyìí", mo fi kàn án, kò fà á mọ́. Lẹ́ẹ̀mẹta la ṣe é, lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣáájú mágínẹ́ẹ̀tì. Mo gbé mágínẹ́ẹ̀tì mi padà sápò. Wọ́n rì í bọ epo ẹ́ńjìnnì dúdú, èéfín gba gbogbo ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n fi yanrìn fọ ojú ẹ̀ kan títí ó fi dán, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná, jìnnà díẹ̀, àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ẹ̀ bí ẹni da omi sórí pépà: ó di àwọ̀ koríko gbígbẹ, ó di búráùn, ó pọ́n bí ìgbín sísè tó fẹ́ di àlùkò, nígbà tó di búlúù báyìí wọ́n gbé e kúrò kíá. Wọ́n ní tí àdá ni, àwọn ò ní jẹ́ kó dé búlúù yẹn.

Ìwúwo. Mo ṣe ìdánwò àǹtí, iṣẹ́jú 3, chájà dá 430 mAh padà, torí náà mo ra 850, mo rí 38 g. Eyín kan àti ihò tí mo lù, 31 g. Òrùlé robot tó jẹ́ alumíníọ̀mù tẹ́lẹ̀, mo fi ike tín-ín-rín pààrọ̀ ẹ̀, 18 g. Wáyà tó dà bí ìfun ewúrẹ́, 14 g, àǹtí mi ò fẹ́ gbà á tẹ́lẹ̀. Bóòtù M4, pín-ìnì àti họ́ọ̀bù wá fi 6 g kún un. Ó jẹ́ 1,491 g. Mo lọ dá síkéèlì padà fún obìnrin oníkéèkì, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ nu ẹ̀ kí n tó gbé e wá.

Nínú kòtò, ó gbá páìpù irin tí mo rì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀méjìlá. Bóòtù ò gé. Ìgbà kẹjọ tí mo jọ robot sórí tìmùtìmù, sọ́kẹ́ẹ̀tì taya ọ̀tún yọ, ọ̀tún náà ni, Bọ̀dá Olófò ẹ gbọ́ ṣé? Mo ti dè é. Mo ń wakọ̀ gba àárín ike omi ní wákàtí kan lójoojúmọ́, àbúrò mi obìnrin wà á ju mi lọ, ọmọ ọdún mọ́kànlá, mo sì ti ń ronú ẹni tó máa di rìmóòtù mú ní Ìbàdàn. Tó bá dojú délẹ̀, ó ṣì ń rìn, àmọ́ ọ̀tún á di òsì.

9 g ló kù. Mo fẹ́ kùn ún ní pupa. Ẹni tó bá mọ bí páìntì ṣe ń wúwo tó, ẹ jọ̀ọ́.

Òṣómàáló_Ilésà

Kí ẹ̀gbẹ́ kan wà láìkùn, kọ ISOKUN sí i. Owó èédú bàbá nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n_Léètì

Fọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan péré. Jẹ́ kó gbẹ. Kó o lọ yá síkéèlì yẹn padà.